Ẹni Tó Bèèrè Ọkà Tó Kéré Jù Ló Ni Ọmọ

Àìsàn èèyi ni kò jẹ́ kí Malin bá àwọn òbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, èèyi náà ló sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yìí, kò sí ẹni tó rántí dúpẹ́ ní ilé Melker, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹun, oúnjẹ ọ̀hún kò sì tó.

Botilda, ìyàwó Melker, ló gé búrẹ́dì. Búrẹ́dì náà dúdú bí ẹrẹ̀ àbàtà. Ìyẹ̀fun ọkà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ èèpo inú igi tí Melker bó wá láti inú igbó, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀. Òjò kò rọ̀ ní Småland, agbègbè wọn, nígbà tó yẹ kó rọ̀, ìrì dídì sì bọ́ sórí ìwọ̀nba ọkà tó hù kí ó tó gbó. Botilda gé ti ọkọ rẹ̀, ó gé ti Tekla ọmọ rẹ̀, ó gé ti Ìyá Àgbà tó bí ọkọ rẹ̀, ó gé ti Malin, ó wá fi ojú wọn èyí tó kù fún òun fúnra rẹ̀, ó sì tún gbé ojú lọ sí ti Malin. Ife wàrà kan wà níwájú ọmọ náà. Kò sí ife wàrà níwájú ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn kò mọ Botilda. Ebi wà nínú rẹ̀, ààyè sì tún ṣẹ́kù.

Malin fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, ó yọ ìka kékeré rẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà kan etí ife. Melker ń wò ó.

"Ẹ wo bó ṣe di ife mú," ó rọra sọ. "Sissa ìyá rẹ̀ pátápátá."

Botilda fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "O mà mọ bí Sissa ṣe ń di ife mú o, Bàbá Tekla."

"Ìyàwó àbúrò mi ni. A jọ jẹun nílé yìí."

"Èmi náà jẹun nílé yìí. Báwo ni mo ṣe ń di ife mú?"

Melker tẹ búrẹ́dì rẹ̀ bọ inú omi kí ó lè rọ̀.

Lóòótọ́, Botilda àti Sissa kì í ṣe orogún. Ọ̀tọ̀ ni ọkọ ẹni kọ̀ọ̀kan: Botilda fẹ́ ẹ̀gbọ́n, Sissa fẹ́ Elof tí í ṣe àbúrò. Ṣùgbọ́n owú tí Botilda jẹ Sissa, orogún mìíràn kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Sissa ń rẹ́rìn-ín lórí ohun tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì Sissa ń wú. Nígbà tí Elof ta ìpín oko rẹ̀ láti san owó ọkọ̀, Sissa ló di aya ẹni tó ń lọ, Botilda sì di aya ẹni tó kù sílẹ̀ láti máa ṣa òkúta kúrò nínú oko. Ọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé wọn lọ sí èbúté Göteborg wá tún padà dé pẹ̀lú ìròyìn tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní Sissa wọ ṣọ́ọ̀bù kan létí èbúté, ó tú ìborí rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí. Akẹtẹ̀! Ìyàwó àgbẹ̀ a máa wé ìborí, ìyàwó ọlọ́lá a sì máa dé akẹtẹ̀. Ẹni tó bá fo ọgbà yẹn, gbogbo ìjọ ni yóò gbọ́. Botilda gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo orí." Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Àlùfáà ránṣẹ́ pe Melker. Ọkọ̀ náà ti rì. Ìjì dé bá a lójú òkun, pákó rẹ̀ díẹ̀ ni òkun tì dé etíkun ilẹ̀ òkèèrè. Kò gbé ẹnikẹ́ni jáde. Elof lọ, Sissa lọ, àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì lọ. Melker padà wálé, ó sọ ọ́ lórí ìdúró, ó sì jáde lọ la igi. Botilda lọ sunkún nínú ilé màlúù. Ó sunkún gidi, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sun ún, kò mọ ẹni tí òun ń sunkún fún.

"Ẹ jẹ́ ká tètè jẹun tán," ó wí nísinsìnyí. "Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa pín àwọn aláìní."

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì náà, àfi Malin. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń wọlé, ìjọ a kó àwọn arúgbó tí kò ní ẹni àti àwọn ọmọ òrukàn jáde síwájú ènìyàn. Olúkúlùkù a sọ iye òṣùwọ̀n ọkà tí yóò máa gbà nínú àká ìjọ kí ó tó lè gba ẹni náà sílé. Ẹni tó bá bèèrè tó kéré jù, òun ni yóò mú un lọ.

"Ọmọ Elof la fẹ́ gbé dúró sójú ọjà bí ewúrẹ́," Melker wí.

"A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gbà á bí ẹbí, ta ló máa fún wa ní hóró ọkà kan? Wọ́n á ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ yín ni.' Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá gbé e jáde, tí o bèèrè iye tó mọ níwọ̀n, ilé yìí náà ló ń padà bọ̀, ọkà á sì tẹ̀ lé e. Ta ló máa bá wa du ú? Ọmọ tí kò lè gbé korobá."

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ò tì ọ́ láti jẹ èèpo igi. Jẹ ìtìjú náà pọ̀ mọ́ ọn."

Ìyá Àgbà tún ìdí jókòó. Láti ìgbà tó ti fi oko sílẹ̀ fún Melker ni wọ́n ti jọ tọwọ́ bọ ìwé pé kí wọ́n máa wọn oúnjẹ tirẹ̀ fún un títí yóò fi kú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní ohùn mọ́ nínú ilé náà. Ó ti búrẹ́dì rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ẹ pín tèmi sí méjì," ó ní. "Kí ẹ fún ọmọ náà ní ìdajì. Ẹ má mú un lọ síbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi, Ìyá," Botilda dá a lóhùn, "ṣé ẹ fẹ́ kí aráyé máa sọ pé mo ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu arúgbó ni?"

"Aráyé kò ní wá ohun tí wọ́n máa sọ tì, ọmọ mi."

Wọ́n jẹun tán, wọ́n sì gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Àlùfáà ka orúkọ wọn. Ó ka ti Elof, ó ka ti Sissa, ó ka ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lu agogo ńlá, wọ́n lù ú pẹ́ títí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí ó dé ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Gunilla, opó tí oko rẹ̀ bá ti Melker pààlà, fa Malin mọ́ra, ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó sì tún fi nu tirẹ̀.

Botilda dúró ṣánṣán. Ó ń gbọ́ agogo, ó sì ń gbọ́ ẹkún, ohun kan sì ń rà bàbà nínú rẹ̀ tí kò lè pè lórúkọ nínú ilé Olúwa. Bí Botilda bá kú lọ́la, tí wọ́n sin ín sábẹ́ yìnyín, ta ni yóò sunkún báyìí? Wọn yóò ní obìnrin náà ṣiṣẹ́. Wọn yóò jẹ oúnjẹ ìsìnkú, wọn yóò sì ní kò tó. Ṣùgbọ́n Sissa, ẹni tó fi ìlú sílẹ̀, ẹni tó dé akẹtẹ̀, òun ni gbogbo ìjọ ń dárò. Bó ti gba ojú ayé mọ́ Botilda lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló gba ikú náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ènìyàn dúró lórí òkè ṣọ́ọ̀ṣì nínú yìnyín gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Wọ́n ní wọ́n kó wọn jọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ bí ànàmọ́ nínú àpò."

"Ọkùnrin tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ Elof, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti wà ní ìjọ kejì? Ó ń fi àwòrán oko ọkà Amẹ́ríkà hàn wọ́n. Wọ́n ní ọkà tó wà nínú àwòrán yẹn ga ju ẹṣin lọ."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti san àsansílẹ̀ fún un."

"Lẹ́yìn tó gbọ́ èyí?"

"Lẹ́yìn tó gbọ́ èyí. Ó ní ikú omi yá ju ikú ebi."

Ẹni tó bèèrè yìí gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀.

Gunilla wá sọ́dọ̀ Botilda. Ó ṣì di ọwọ́ Malin mú. "Ìyàwó Melker, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọmọ yìí ti fúyẹ́ jù. Ṣé ó ń rí wàrà mu?"

"Ó ń mu ju gbogbo wa lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà rántí wàrà ọ̀hún. Nígbà tí ọmọ mi ń ṣàìsàn, mo wá tọrọ ife kan péré lẹ́nu ọ̀nà rẹ. O ní màlúù pupa yẹn kì í ṣe tìrẹ, o ní Elof fi sílẹ̀ fún Malin ni, pé o kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ nínú rẹ̀."

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni," Gunilla wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa."

Yàrá ìpàdé ìjọ kún. Èéfín tábà àti òórùn aṣọ onírun tó tutù gba ibẹ̀ kan. Àlùfáà jókòó sórí àga, akọ̀wé ìjọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù igi. Wọ́n kọ́kọ́ mú sójà arúgbó kan tó fọ́jú jáde. Wọ́n ń wí pé kò lè ṣiṣẹ́, pé ó ń jẹun púpọ̀, arúgbó náà sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀nà tí ohùn bá ti ń wá. Ẹnì kan mú un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé Malin dúró sórí bẹ́ńṣì.

"Ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà," ni akọ̀wé kà. "Ara rẹ̀ le. Ó mọ Àdúrà Olúwa. Ta ló gbà á?"

Botilda fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀.

"Òṣùwọ̀n mẹ́fà," Melker wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Àwọn ènìyàn mi orí. Kò burú, ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Akọ̀wé gbé òòlù sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè," Gunilla wí láti ẹ̀yìn. Opó tó ní oko tirẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. "Ṣé ọmọ náà ní ohun ìní?"

"Ohun ìní wo?" Àlùfáà bi í.

"Màlúù pupa kan. Ìyàwó Melker fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ti ọmọ ni, pé kì í ṣe tàwọn. Bí ọmọ bá ń lọ, ṣé màlúù rẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e?"

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Ooru gun Botilda láti ọrùn dé etí. Melker kò wo apá ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà.

"Melker, ṣé òótọ́ ni?" Àlùfáà bèèrè.

"Òótọ́ ni."

"Nígbà náà, màlúù á tẹ̀ lé ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà jí gbogbo yàrá. Àwọn tí kò tilẹ̀ wo ojú Malin tẹ́lẹ̀ ń na ọrùn báyìí, ṣùgbọ́n ìwo ni wọ́n ń rí lórí rẹ̀. Màlúù tó ń fún ní wàrà nínú ọdún tí àwọn ènìyàn ń bó igi jẹ!

"Mẹ́rin," ọkùnrin kan tó ń sun èédú nínú igbó ké.

"Mẹ́ta!" Brask ké láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ wo Brask, ó ti di ọ̀rẹ́ ọmọdé! Ọmọ tó gbà ní ọdún tó kọjá, tó lò bí ẹrú, ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò rẹ́rìn-ín.

"Méjì," Gunilla wí.

"Ọ̀kan," Melker wí.

"Èmi ò gba nǹkan kan," Gunilla wí. "Kí ọmọ máa bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìyìn gba yàrá kan. "Olúwa á san án fún un." "Opó bíi tirẹ̀." "Aládùúgbò ló wá ṣe ohun tí ẹbí kò ṣe." Botilda gbọ́ ti ìkẹyìn yìí, ó sì mọ ẹni tó sọ ọ́.

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ràn ọjọ́ yìí nínú ọdún. "Melker," ó ní, "ẹ̀tọ́ ẹbí ló kọ́kọ́ wà. Bí ẹ̀yin náà bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ, màlúù á sì padà sílé yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí lẹ wí?"

Melker yí ojú sí ìyàwó rẹ̀, nítorí òun ló ń pín oúnjẹ, ọkùnrin kì í sì í gba ẹni tí yóò jẹun sílé lẹ́yìn ẹni tó ń pín oúnjẹ.

Ó yẹ kí Botilda mi orí. Ọkà ti lọ, ó dáa, ṣùgbọ́n màlúù ṣì wà. Ọmọ náà sì wà, tí òun àti Tekla jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, tí ẹsẹ̀ wọn ń móoru fún ara wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè yìí kò ju ohun tí Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ fún láàárọ̀ lọ. Ó sì fẹ́ mi orí. Ó ti gbé orí sókè.

Ó wá rí Malin. Ọmọ náà dúró lórí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ rẹ̀ mú, ìka kékeré yọ sẹ́yìn. Kò sunkún. Ó ń wo Botilda tààrà. Obìnrin kan tó dúró nítòsí sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Wo ojú yẹn. Àfi bí ẹni pé Sissa jíǹde." Botilda rí gbogbo òwúrọ̀ tí ń bọ̀ níwájú, àti ojú yẹn nídìí tábìlì òun, tó ń dàgbà, tó ń lẹ́wà sí i, tó ń mu wàrà.

"Botilda," Melker sọ sí i létí. "Jọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Melker kò bẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹun. Nígbà tó bínú lọ sílé ìyá rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́ kí ó padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ló rí ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ọmọ Sissa ló sì torí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Botilda wo ilẹ̀. Yìnyín ti yọ́ lára bàtà àwọn ènìyàn, ó di omi dúdú lórí pákó. Ó wo omi náà.

Àlùfáà dúró dè wọ́n. Ó tún dúró díẹ̀ sí i ju bó ti yẹ lọ.

Òòlù igi dún.

"Gunilla ló ni ọmọ," akọ̀wé wí, "pẹ̀lú màlúù pupa kan."

Àwọn ènìyàn ti ń yí sí ẹni tó kàn, arúgbó obìnrin kan tí wọ́n ń mú bọ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn. Melker dé fìlà rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá, ó jáde. Kò pe ìyàwó rẹ̀. Botilda dúró sójú kan náà. Ó ń ronú pé òun yóò sọ fún wọn pé Gunilla kò fẹ́ ọmọ, màlúù ló fẹ́. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún tí kò ní bi í pé, ìwọ ńkọ́?

Gunilla gbé Malin sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó so ìborí rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó sọ nǹkan sí i létí. Ọmọ náà tẹ́tí, ó mi orí. Ó wá já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó la ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà kọjá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Botilda. Ìwà tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ wọn ni pé ọmọ kì í kúrò nídìí oúnjẹ láìdi ọwọ́ ìyá ilé mú, kí ó kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ó sì dúpẹ́. Ta ni ì bá sì sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé ibi tí wọ́n wà yìí kì í ṣe ìdí oúnjẹ?

Ó di ọwọ́ Botilda mú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú omi dúdú yẹn.

"Ẹ ṣé fún oúnjẹ, Màmá Tekla."

Èsì rẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo obìnrin tó bá ti gbé àwo kalẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n, wọn a máa sọ ọ́ láìronú, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí ẹni tó dúpẹ́. Botilda la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là.

"Á gba ibi ire, ọmọ mi," Gunilla wí, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde.